Sípíkà Full-Range Àkọ́kọ́ Tí Ẹ Fẹ́ Fọwọ́ Ṣe: Àpótí Wo, Pákó Wo, Ìwọ̀n Wo?

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ sípíkà nígboro Ìlọrin, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Watt mélòó lẹ fẹ́, Alájì?” Ẹni tó fẹ́ kí ohùn dé ìparí àdúgbò lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kan àpótí fúnra rẹ̀, watt kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Iye iná tí sípíkà lè gbà kó tó jóná ni watt ń sọ. Kò sọ bí àpótí ṣe gbọdọ̀ tóbi tó, kò sì sọ ibi tí bẹ́ẹ̀sì máa parí sí.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń sọ ìyẹn. Àkọ́kọ́ ni Fs, iye ìgbà tí sípíkà fẹ́ràn láti máa mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí kò bá sí nínú àpótí (Hz ni wọ́n ń fi ka iye ìgbà yẹn). Èkejì ni Qts, tó ń sọ bí ìjánu sípíkà ṣe le tó: bí Qts bá kéré, sípíkà á tètè dúró, bó bá tóbi, á ṣì máa mì lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́. Ẹ̀kẹta ni Vas, iye lítà afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ bá ti rọ́bà etí sípíkà àti aṣọ tó di kọ́ìlì mú dọ́gba. Neville Thiele ló tẹ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1961, Richard Small wá fẹ̀ ẹ́ lójú ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ńbà náà títí dòní.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọn sípíkà yín kí ẹ tó ra pákó, kí ẹ sì yan àpótí tó máa fara da àṣìṣe bí ìwọ̀n náà kò bá tilẹ̀ pé. Gbogbo ìfiwéra tó ń bọ̀ yìí, ojú yẹn ni mo fi wò ó.

Ìdí tí mo fi yan full-range

Full-range ni sípíkà kan ṣoṣo tó ń dá gbé ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, láìsí tùwítà (sípíkà kékeré fún ohùn òkè), láìsí crossover tó ń pín iṣẹ́ láàárín wọn. Ohun tí à ń gbọ́ jù nílùú tiwa níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni: wáàsí, ìròyìn rédíò, dadakúàdà tí adùn rẹ̀ wà nínú ohun tí olórin ń sọ. Crossover tí ọwọ́ kò tíì mọ̀ sábà máa ń gé ohùn ènìyàn ní àárín, ibi tí etí ti mọ̀ ọ́n jù. Full-range kò ní ìṣòro yẹn rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kì í jinlẹ̀, kì í sì í pariwo tó sípíkà òde àríyá. Bí ayẹyẹ lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìtóbi, ínǹṣì mẹ́jọ ń gbé bẹ́ẹ̀sì ju ínǹṣì mẹ́ta lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ìgbì ohùn bá ti kúrú tó fífẹ̀ páálí sípíkà, kì í tàn ká mọ́, iwájú nìkan ló ń lọ. Fún ínǹṣì mẹ́jọ, nǹkan bí 2000 Hz ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ínǹṣì mẹ́ta, ó kọjá 5000 Hz. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ kò ní gbọ́ “s” àti “ṣ” yékéyéké lára ti ínǹṣì mẹ́jọ. Ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wà tó ní ìwé ìwọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Visaton FRS 8 láti Jámánì tàbí Fostex FE103 láti Japan. Wọ́n wọ́n ju ti ọjà lọ, ẹ sì ní láti fi sùúrù dúró kó tó dé. Sípíkà tí a yọ lára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tàbí rédíò kò ná yín ní nǹkan kan, kò sì ní ìwé. Èyí tí kò ní ìwé kò burú, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ máa kọ ìwé rẹ̀. Kódà sípíkà tó ní ìwé, ó yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí sípíkà gan-an kì í sábà bá ìwé mu délẹ̀délẹ̀.

Àpótí mẹ́rin, sípíkà kan

Ẹ jẹ́ ká mú sípíkà kan tí Fs rẹ̀ jẹ́ 90 Hz, tí Qts rẹ̀ jẹ́ 0.5, tí Vas rẹ̀ jẹ́ lítà 4, ká gbé e kiri inú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó; “ihò ní 70 Hz” sì túmọ̀ sí pé 70 Hz ni afẹ́fẹ́ inú páìpù ihò náà ti ń mì jù.

| Irú àpótí | Ìwọ̀n rẹ̀ | Ibi tí bẹ́ẹ̀sì ti fi 3 dB dínkù | Ohun tó ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Èyí tí a dí pa | lítà 4 sí 8 | nǹkan bí 130 Hz | afẹ́fẹ́ tó ń jò |
| Oníhò | lítà 8, ihò ní 70 Hz | nǹkan bí 62 Hz | Qts tí kò pé, páìpù tí gígùn rẹ̀ ṣì |
| Oníkọ̀rọ̀ | ọ̀nà bíi 1.2 m tó ká síra nínú | ó wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á | pákó púpọ̀, igun púpọ̀ |
| Pátákó aláìlẹ́yìn | fífẹ̀ 60 cm | ó ń sá lọ láti bíi 200 Hz | ògiri tó sún mọ́ ọn jù |

Méjì tó gbẹ̀yìn, mo máa tètè kọjá lórí wọn. Nínú àpótí oníkọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀yìn sípíkà á gba ọ̀nà gígùn kó tó jáde, gígùn ọ̀nà náà sì jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì ohùn tí ẹ fẹ́ gbé ró. Ibẹ̀ ni 1.2 m ti wá fún 70 Hz. Ohùn rẹ̀ máa ń kún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé pákó kan ṣì, ó di dandan kí ẹ tú gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Pátákó aláìlẹ́yìn ló rọrùn jù láti ṣe, kò sì ní ohùn àpótí kankan, àmọ́ ohùn iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń pa ara wọn nísàlẹ̀. Sípíkà tí Qts rẹ̀ ju 0.7 lọ ló bá a mu. Sípíkà àpẹẹrẹ wa yìí kò yẹ ẹ́.

Ìjà gidi wà láàárín èyí tí a dí pa àti oníhò. Lórí ìwé, oníhò ló borí: 62 Hz sí 130 Hz, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ohùn ìyá ìlù máa ní ara nínú rẹ̀ ju bó ṣe máa ní nínú èyí tí a dí pa. Bí ẹ bá fi páìpù PVC tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 4 cm sí i, gígùn páìpù náà máa jẹ́ bíi 6.7 cm kí ihò lè bọ́ sí 70 Hz.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí Qts bá jẹ́ 0.6 dípò 0.5, tí ẹ kò sì mọ̀. Oníhò á fẹ́ àpótí tó tó lítà 14, lítà 8 lẹ sì ti kàn. Nínú lítà 8 yẹn, ohùn láti bíi 80 títí kọjá 110 Hz á yọ gọ́ńgọ́ sókè ní dB kan àbọ̀ ó lé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin wà. Gbogbo oníwàásí á máa dún wúwo ju bí Ọlọ́run ṣe dá wọn lọ. Bí ẹni tó gé páìpù bá tún gé e ní 10 cm, ihò á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 60 Hz, ìṣirò sì tún ti dàrú.

Nínú àpótí lítà 4 tí a dí pa, àṣìṣe Qts kan náà kò ju kí ohùn yọ sókè díẹ̀, kò tó ìdajì dB. Etí kò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí ló ń ṣe sípíríǹgì fún sípíkà, òfin afẹ́fẹ́ kì í sì í yí padà láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan sí èkejì. Edgar Villchur ló fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, nígbà tó fi afẹ́fẹ́ inú àpótí kékeré ṣe sípíríǹgì fún wúfà (sípíkà bẹ́ẹ̀sì) ńlá. Ààbò mìíràn tún wà nínú rẹ̀: nínú oníhò, bí orin bá ti lọ sísàlẹ̀ 70 Hz, afẹ́fẹ́ kò di sípíkà mú mọ́, páálí rẹ̀ á sì máa fò síwá sẹ́yìn láìgbé ohùn kan jáde. Sípíkà ínǹṣì mẹ́ta kò ní ẹ̀mí fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Àbá tí mo wá fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ kan àpótí lítà 8, kí ẹ gbẹ́ ihò páìpù sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi èdìdì onígi tó ní skúrù àti fóòmù dí ihò náà pa. Bí Qts bá jẹ́ 0.5, sípíkà yẹn nínú lítà 8 tí a dí pa máa ní Q (ìjánu sípíkà àti àpótí lápapọ̀) tó jẹ́ 0.61, bí Qts bá jẹ́ 0.6, á jẹ́ 0.73. Méjèèjì dára. Ibi tí bẹ́ẹ̀sì máa parí sí kò sì yàtọ̀ sí ti lítà 4, ó ṣì wà ní àyíká 130 Hz. Àyè tó ṣẹ́kù, pákó díẹ̀ péré ló ná yín. Lọ́jọ́ tí ìwọ̀n yín bá ti dá yín lójú, ẹ yọ èdìdì, ẹ ki páìpù bọ̀ ọ́, àpótí kan náà ti di oníhò.

Fún inú àpótí náà, fífẹ̀ 18 cm, gíga 27 cm, jíjìn 17 cm á fún yín ní lítà 8 àti díẹ̀ tí ẹ̀yìn sípíkà máa jẹ.

Bí ẹ ṣe máa wọn sípíkà pẹ̀lú mítà

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní DATS, tí ẹ lè so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó máa fún yín ní gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí kíá. Bí apá yín bá ká a, ẹ rà á. Bí kò bá ká a, mítà, rẹsísítọ̀ méjì àti fóònù á ṣe é, wọ́n á sì kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ jù ú lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ mítà yín wò: ó gbọdọ̀ lè ka mílífóòtì AC. Mítà olówó pọ́ọ́kú tí AC rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 200 V kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ so ámpílífáyà kékeré mọ́ rẹsísítọ̀ 1000 ohm, kí rẹsísítọ̀ so mọ́ sípíkà, kí sípíkà padà sí ámpílífáyà. Àmọ́ kí sípíkà tó wọ ibẹ̀, ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 ohm sí ipò rẹ̀, kí fóònù máa dún 100 Hz, kí ẹ yí fólúùmù títí mítà á fi ka mílífóòtì 10 lórí rẹsísítọ̀ 10 ohm yẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, mílífóòtì kan dúró fún ohm kan. Ẹ má fọwọ́ kan fólúùmù mọ́.

Ẹ gbé sípíkà síbẹ̀ wàyí. Kó dúró lóòró, kí ohunkóhun má ṣe sún mọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, kí fáànù sì wà ní pípa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 Hz, ẹ máa fi márùn-ún márùn-ún gòkè, kí ẹ máa kọ ohun tí mítà ń sọ sínú ìwé. Nọ́ńbà náà á máa gòkè, á dé góńgó, á sì tún máa sọ̀kalẹ̀. Ibi góńgó yẹn ni Fs.

Ká ní góńgó jẹ́ ohm 57.6 ní 90 Hz, tí kọ́ìlì sípíkà sì jẹ́ ohm 6.4 nígbà tí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lásán lórí ohm. Ẹ pín 57.6 sí 6.4: ó jẹ́ 9. Ẹ tẹ √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò: ó jẹ́ 3. Ẹ sọ 6.4 di ìlọ́po 3: ohm 19.2. Ẹ wá Hz méjì tí mítà ti ń ka 19.2, ọ̀kan nísàlẹ̀ góńgó, ọ̀kan lókè rẹ̀. Ká ní ẹ rí 65 àti 125. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 60. 60 lọ́nà 3 jẹ́ 180. 90 tí a pín sí 180 jẹ́ 0.5. Qts yín nìyẹn. Ẹ lè yẹ ara yín wò: 65 lọ́nà 125 jẹ́ 8125, √ rẹ̀ sì jẹ́ 90 àti díẹ̀. Bí kò bá bá Fs mu, ẹ ti ka nǹkan kan ṣì.

Vas ló kù. Ẹ de sípíkà mọ́ àpótí kékeré kan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ dí i pa, kí ẹ tún wá góńgó. Bí àpótí bá jẹ́ lítà 4, tí góńgó sì sún láti 90 sí 127 Hz, ẹ pín 127 sí 90, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lítà 4.

Ọ̀nà kan náà lẹ máa fi yẹ àpótí yín wò tí ẹ bá parí. Èyí tí a dí pa máa ní góńgó kan. Oníhò máa ní méjì, àfonífojì tó wà láàárín wọn sì ni ihò dúró sí. Bí àfonífojì bá wà ní 60 Hz dípò 70, ẹ gé páìpù kúrú díẹ̀díẹ̀.

Plywood, MDF, ìrókò, tàbí ìkòkò

MDF 18 mm (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gúùmù tẹ̀ pọ̀) ló tẹ́jú jù, ihò sípíkà sì máa ń mọ́ nínú rẹ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Etí tí wọ́n fi ayùn gé á mu omi, á wú, kò sì ní padà. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ bo imú yín. Plywood tó dára ló tọ́ sí ilé tí òjò ń rọ́nà wọ̀; kí káfíńtà yín wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó rà á, bí ihò bá wà láàárín ìpele pákó, kó fi sílẹ̀. Ìrókò àti ọ̀gánwó lẹ́wà lójú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n igi gidi máa ń sún kì tí ọyẹ́ bá dé. Ibi tí ẹ ti fi gúùmù lẹ̀ ẹ́ lè là, àpótí tí a dí pa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ lò ó fún ìbòjú, kí ẹ fi plywood ṣe ara.

Ìkòkò kò yẹ kí ẹ fojú fo. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé ń ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kò lè ṣe lówó pọ́ọ́kú: àpótí tó rí roboto. Harry Olson ti ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n hàn pé nínú gbogbo ìrísí àpótí, èyí tó rí bíi bọ́ọ̀lù ni ohùn rẹ̀ tẹ́jú jù, nítorí kò ní etí ṣóńṣó tí ohùn máa gbá. Ẹ rọ omi sínú ìkòkò kí ẹ lè mọ iye lítà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kun inú rẹ̀ torí ìkòkò máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá. Òrùka plywood àti ẹ́pọ́kì lẹ máa fi de sípíkà mọ́ ẹnu rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ ihò lẹ́yìn náà, ìkòkò lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Nítorí náà, ìkòkò fún èyí tí a dí pa. Pákó fún ẹni tó fẹ́ yí ọkàn padà.

Fóònù tàbí gbohùngbohùn ìwọ̀n

Gbohùngbohùn inú fóònù, ohùn ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń gé bẹ́ẹ̀sì kúrò, ó sì máa ń gbé ohùn sókè sódò fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè gbà pé kí ẹ fi ṣe ni láti fi sípíkà ọ̀tún wé ti òsì: bí ìlà méjèèjì (àwòrán bí ohùn ṣe ga tó ní Hz kọ̀ọ̀kan) kò bá jọra, ọ̀kan lè máa jò. Fún ohun tó kọjá ìyẹn, ẹ wá gbohùngbohùn ìwọ̀n bíi UMIK-1, tó ń bá fáìlì àtúnṣe tirẹ̀ wá, kí ẹ lò ó pẹ̀lú REW, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní in, ẹ yá a.

Ìta gbangba dára ju pálọ̀ lọ. Ẹ gbé àpótí sórí nǹkan tó ga tó 1.5 m, kí gbohùngbohùn wà ní 1 m síwájú rẹ̀ ní gíga kan náà. Ohùn tó ń ta padà láti ilẹ̀ á pẹ́ ju ti tààrà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.006, ẹ sì lè sọ fún REW kó gé e kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá wà lókè 160 Hz á ṣeé gbàgbọ́. Fún ìsàlẹ̀, ẹ gbé gbohùngbohùn sún mọ́ àárín páálí sípíkà títí tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ so ìlà méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni àkókò tó dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà tó jí. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ sùn padà.

Ìlà yín máa fi ohun kan hàn: lókè bíi 530 Hz, ohùn á ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Sípíkà kò bàjẹ́. Iwájú àpótí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 21.6 cm máa ń ti ohùn òkè síwájú, nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń yí àpótí ká lọ sẹ́yìn. Kọ́ìlì 1 mH àti rẹsísítọ̀ 4 ohm (èyí tó lè gba watt 5 ó kéré tán), tí ẹ so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ẹ sì fi sí ọ̀nà iná sípíkà, á rẹ òkè sílẹ̀ bíi 4 dB. Bí àpótí bá máa fara ti ògiri, ògiri náà á ti dá díẹ̀ lára ohùn ìsàlẹ̀ padà, ohm 2 lè tó. Ẹ gbọ́ ọ méjèèjì pẹ̀lú ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi líìdì jó o pa.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin máa fẹ́ fi aṣọ òkè bo iwájú rẹ̀. Aṣọ òkè tí wọ́n hun ki máa pa ohùn òkè. Ẹ gbé aṣọ náà sí ẹnu, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i: bí kò bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò yẹ. Èyí tó ní ojú ihò lára lè ṣe é. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ, lẹ́ẹ̀kan láìsí aṣọ, láìsún gbohùngbohùn kúrò níbi tó wà, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlà lókè 5000 Hz. Bó bá já wálẹ̀ ju 1 dB lọ, ẹ fi aṣọ òkè náà bo ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹ fi iwájú sílẹ̀ ní gbangba.